Wáyà Tí Wọ́n Fi Sí Mi Lẹ́nu ní Savalou

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín ní Ṣakí láti Bantè níbí, lódìkejì bodè, àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí Bùrọ̀dá Lásún tí wọn yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ ní kí wọ́n rọra kà á, kí wọ́n má fo ibì kankan. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ. Mo kí Ìyá Alágbo tí ilé wọn kọjú sí tiwa, nítorí mo mọ̀ pé wọn yóò ti jókòó tì yín kí Bùrọ̀dá tó dé ìlà kejì.

Inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí ti jáde, kì í ṣe inú àpò ìwé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí Bùrọ̀dá tó kà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò lára yín. Ìyá Oníléèsì tí wọ́n máa ń kó ọjà gba ibí kọjá lọ sí Djougou ti sọ fún yín pé àwọn rí mi, pé wọ́n ti fi irin rán ẹnu mi, pé bí mo bá lanu ńṣe ló ń kọ mànà. Ẹ pè mí lórí fóònù pẹ̀lú ẹkún. Ẹ bi mí bóyá mo ti wọ ẹgbẹ́ kan, ẹ sì tún bi mí bóyá olè ni mo jà tí wọ́n fi dè mí lẹ́nu. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, mi ò rí àlàyé ṣe. Ìyá mi, mi ò jalè, mi ò sì wọ ẹgbẹ́. Wáyà tí wọ́n fi ń to eyín ni. Dókítà eyín ló fi í sí mi lẹ́nu, èmi fúnra mi ni mo sì lọ bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, èmi ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì tó níyàwó, tó bímọ méjì. Wọ́n ti yọ ọ́ báyìí. Odindi ọdún méjì ló lò lẹ́nu mi. Ìdí kan nìyẹn tí ẹ ò fi rí mi nílé ní gbogbo àsìkò yẹn, mo sì tọrọ àforíjì.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Súdẹ̀ẹ̀ ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ wẹ́dà níbí, orúkọ tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ Faransé, orúkọ náà ló sì kù fún mi; ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé Àyìndé ni mo ń jẹ́. Géètì ni mò ń ṣe, àti ilẹ̀kùn irin, àti irin ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n kẹ́ríà ẹ̀yìn alùpùpù ló ń bọ́ mi jù. Alùpùpù ni wọ́n fi ń kó iṣu jáde láti Koko àti Atokoligbé, ọ̀nà wọn ò sì dára, kẹ́ríà tí wọ́n bá rà látilẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kán. Tèmi kì í kán.

Ọdún kọkànlá mi rèé níbí, síbẹ̀ ó ní àwọn ọjọ́ tí mo ṣì máa ń dá wà láàárín èrò. Èdè Ìṣà tí wọ́n ń sọ jọ tiwa bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra: mo gbọ́ ọ, àmọ́ kò yé mi tán. Tí wọ́n bá pa àwàdà, ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán ni èmi ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí ẹ̀rín wà. Ó sì bá mi lára mu, ẹ má bínú, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í rẹ́rìn-ín ní gbangba. Láti kékeré ni mo ti ń fi ètè bo eyín mi. Wọ́n gun ara wọn lórí bí ènìyàn tó ń já wọ ọkọ̀ tó kún. Nílé wa, a kì í dárúkọ rẹ̀. Gbogbo wa la ti gbà pé igi irúgbá ló bà á jẹ́.

Kì í ṣe ẹwà ló kọ́kọ́ gbé mi dé Savalou. Egbò ni. Eyín ìsàlẹ̀ mi ń gún mi ní àjà ẹnu. Bí mo bá ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ á yọ; bí ọyẹ́ bá dé tí ẹnu gbẹ, mi ò ní lè gbé àkàrà mì. Mo fi omi iyọ̀ yọ́ ọ títí. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn níbí ló tan iná sí mi lẹ́nu tó sì sọ pé egbò tí kò jiná fún ọdún méjì kì í ṣe ohun tí a ń fi iyọ̀ wò. Ó ní dókítà eyín kan máa ń wá sí Savalou lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pé kí n má jẹ́ kí tọ̀tẹ̀ yìí kọjá.

Nígbà tí mo wọlé, mo rò pé ọmọ ilé ìwé ló jókòó síbẹ̀. Dókítà Àgáàtì kéré lára, wọn ò sì tíì pé ọdún márùndínlógójì. Ọmọ Gouka ni wọ́n, ìlú tó wà lẹ́yìn wa níbí. Tíṣà ni bàbá wọn. Kutọnú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gun ọkọ̀ wá lóṣooṣù. Ọkùnrin Mahi kan, ọmọ onílẹ̀ Savalou, wà níwájú mi. Èdè Mahi ni wọ́n bá a sọ. Arúgbó kan láti Bantè tẹ̀ lé e. Ìṣà ni wọ́n bá a sọ, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí i kí wọ́n tó wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tó kàn mí, wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá rédíò bá mi sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn èèyàn wa ń sọ ní Nàìjíríà.

Wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò egungun ẹnu ní Bohicon. Mo lọ yà á. Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n gbé e sójú iná, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì bi mí bóyá mo ti fara pa lẹ́nu rí. Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa, ìyá mi. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi jáde kí wọ́n má baà bi mí pé ta ló rán mi gùn ún. Wọn ò tún bi mí mọ́. Wọ́n kàn ṣàlàyé pé bí wọ́n bá wo egbò náà san lónìí, eyín yẹn á tún gún un lọ́la, àfi tí wọ́n bá to eyín náà kúrò níbẹ̀. Wọn yóò yọ méjì kí àyè lè wà, wáyà yóò sì fa ìyókù wá sí ipò wọn. Wọ́n ní ó lè tó ọdún kan ààbọ̀. Mo bi wọ́n bóyá àgbàlagbà ń ṣe irú ẹ̀. Wọ́n ní egungun ò mọ ọjọ́ orí, pé bí a bá ń tì í díẹ̀díẹ̀, yóò sún.

Felisi ìyàwó mi kò fẹ́. Ó ní ẹnu tí òun rí lòun fẹ́, òun ò sì bẹ ẹnikẹ́ni láti bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ náà gbà á níyànjú kó gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ lára irọrí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́kadà tó gbé mi dé Savalou.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, nítorí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ka obìnrin yìí sí. Wọ́n lẹ irin kéékèèké mọ́ ojú eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, irin tí kò tó orí èékánná ọmọ tuntun. Wọ́n wá mú wáyà kan jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ́gọwọ̀gọ láàárín ìka, wọ́n wá jù ú sínú omi gbígbóná. Ìyá mi, wáyà náà na ara rẹ̀ padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lójú mi. Ogún ọdún ni mo ti ń bá irin ṣe. Irin tí mo mọ̀, bí iná bá ti kàn án, yóò rọ̀, yóò gbàgbé bó ṣe wà. Èyí ń rántí. Wọ́n ní ooru ẹnu mi ni yóò máa rán an létí, yóò máa fẹ́ padà síbi tó wà, yóò sì máa fa eyín mi lọ́wọ́ dání. Mo ti fi irin ṣe géètì fún àwọn ọlọ́lá, mi ò mọ̀ pé irin mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrora rẹ̀ kò kéré o. Felisi gún iṣu fún mi títí tó fi dàbí ẹ̀kọ, síbẹ̀ mi ò lè jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yí padà. Bí mo bá pe oníbàárà ní sà, ìtọ́ ni yóò dáhùn. Àwọn ọkùnrin tó ń kó iṣu sọ mí ní orúkọ, wọ́n ní súdẹ̀ẹ̀ ti jó ara rẹ̀ pọ̀.

Ní oṣù kẹrin, mo hùwà òmùgọ̀. Wọ́n ti fún wáyà náà le lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú. Mò ń gbé ilẹ̀kùn irin dúró fún onílé kan ní Gouka, oòrùn mú, orí ń fọ́ mi láti àgbọ̀n dé àtàrí. Mo wo púláyà ọwọ́ mi, mo wo dígí alùpùpù tó wà níwájú mi. Mo ní ṣebí irin náà ni. Mo lanu, mo gé wáyà òkè, mo fà á jáde, irin kékeré méjì sì bá a já bọ́ sínú iyanrìn. Ara tù mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Oṣù méjì ni mi ò dé Savalou. Ibi tí mo gé ń ya mí lẹ́rẹ̀kẹ́, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, egbò àjà ẹnu sì tún là.

Ìtìjú ni mo gbé padà lọ. Dókítà ní kí n lanu. Wọ́n wò ó. Wọ́n bi mí pé ta ló gé e, mo ní èmi ni. Wọn ò bú mi. Wọ́n fún mi ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti púláyà wọn, wọ́n ya ìlà kan sórí bébà, ìlà tó tẹ̀ bí ìdajì ẹyin, tó wá ní kọ́nà kékeré méjì. Wọ́n ní kí n tẹ wáyà náà kó bá ìlà yẹn mu. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wọ́. Mo tún un tẹ̀, ó tún wọ́ síbòmíràn. Òógùn bò mí, èmi tí mo ń tẹ irin tó nípọn tó àtàǹpàkò. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n gbé e lé ìlà náà, ìlà ò hàn mọ́.

Wọ́n wá sọ pé, “Ẹ má gé iṣẹ́ mi mọ́. Èmi náà ò ní wá gé géètì yín.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ilé ìwòsàn ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lẹ àwọn irin tuntun mọ́ ọn, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ọdún kan ààbọ̀ ṣe di ọdún méjì nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti pa oṣù kankan jẹ. Bí òjò bá rọ̀ tí takisí ò sí, alùpùpù ni mo máa ń gbà. Mo sì rí nǹkan púpọ̀ níbi ìjókòó yẹn. Lọ́jọ́ kan, Dókítà ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, awakọ̀ tó fẹ́ gbé wọn padà ti ń fọn fèrè, ni ọlọ́kadà kan bá gbé ìyá arúgbó kan dé láti Atokoligbé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi ọsàn sẹ́nu, eruku ọ̀nà bò ó dé ìpéǹpéjú. Dókítà gbé báàgì wọn kalẹ̀, wọ́n tún aṣọ iṣẹ́ wọ̀, wọ́n sì ní kí awakọ̀ máa lọ. Mo bi wọ́n lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí wọ́n ń fi Kutọnú sílẹ̀ wá jìyà báyìí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, eyín tó bá dun ẹnikẹ́ni ní Gouka, yíyọ ni. Eyín tó ṣeé wò ni wọ́n ń yọ dànù, nítorí kò sẹ́ni tó lè wò ó nítòsí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yọ wáyà náà. Wọ́n fún mi ní dígí. Ìyá mi, mi ò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Eyín tò bí àgbàdo tó gbó dáadáa. Àjà ẹnu mi ti jiná, ahọ́n mi ń wá egbò náà kiri, kò rí i. Mo fẹ́ dúpẹ́, ni òótọ́ bá bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní kí Ọlọ́run bù kún wọn, pé wọ́n ti tún ohun tí igi bàjẹ́ ṣe.

Wọ́n dá ọwọ́ dúró. “Igi wo?”

Mo wá rò fún wọn. Pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, pé irú ni ìyá mi ń ṣe tà, pé wọ́n ní kí n gun igi lọ já irúgbá wá, ẹ̀ka ṣẹ́, mo fi àgbọ̀n balẹ̀, egungun ya. Pé láti ìgbà náà ni eyín mi ti dà rú, tí ìyá mi sì pa iṣẹ́ irú tì.

Dókítà lọ ṣí fáìlì mi, wọ́n mú fọ́tò Bohicon jáde, wọ́n tún gbé e sójú iná. Wọ́n fi ẹnu bírò tọ ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí èmi ò lè dá mọ̀.

“Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo bi yín, ẹ ní rárá. Ẹ wò ó, ibí ló ti ya. Ó jiná, ó sì tò tààrà. Ẹni tó ń dì í fún yín mọ ohun tó ń ṣe. Eyín yín ò ti ibẹ̀ wá. Eyín yín tóbi, àgbọ̀n yín kéré. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí yín. Bí ẹ ò bá gun igi kankan láyé yín, bó ṣe máa rí nìyẹn.”

Mo ní ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣubú ni wọ́n dà rú. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àsìkò tí eyín àgbà ń jáde nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló pàdé, gbogbo ènìyàn sì di ẹ̀bi ọ̀kan ru èkejì. Wọ́n bi mí pé ta ló tún ní irú ẹnu yìí nínú ẹbí wa.

Ìyá mi, mo jókòó sórí àga yẹn, mo sì rí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi etí gèlè bo ẹnu tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín? Mo jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú wọn rí. Eyín mi gan-an ni eyín wọn, bí wọ́n ṣe gun ara wọn náà nìyẹn. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, àwọn ló dúró sí àárín agbo ilé lójú gbogbo ènìyàn, tí wọ́n ní ojúkòkòrò yín nídìí irú títà ti ba ọmọ àwọn lójú jẹ́. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Bàbá ò dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin náà tẹrí ba.

Mo sunkún níwájú Dókítà. Wọ́n fún mi ní òwú, wọ́n jókòó tì mí, wọn ò pe ẹni tó kàn wọlé títí mo fi ṣe tán.

Ìdí tí mo fi gbé e jáde ní gbangba nìyí. Bùrọ̀dá Lásún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí sókè kí agbo ilé gbọ́, kí Ìyá Alágbo náà gbọ́, kí wọ́n sì sọ ọ́ dé ọjà: ìyá wa kò ba ojú ẹnikẹ́ni jẹ́. Bàbá arúgbó tó ń to egungun wá lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi bí wọ́n ṣe ń dì í han ìyá wa. Ìyá wa ló ń tú aṣọ náà tó ń tún un dì láràárọ̀, ìyá wa ló ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ gbígbóná sí mi lẹ́nu fún oṣù kan gbáko, tó ń di orí mi mú kí n má baà mi àgbọ̀n. Dókítà tó lọ sí yunifásítì wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì ní ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ méjì ló tún ẹnu mi ṣe. Wáyà wà lọ́wọ́ ọ̀kan, aṣọ wà lọ́wọ́ èkejì. Mi ò mọ èyí tí mo máa yìn ju ìkejì lọ.

Ní òwúrọ̀ tí mo ń bọ̀ ní Bantè lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, kí ọkọ̀ tó dé, ẹ pè mí wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kúnlẹ̀ fún ọmọ yín, ẹ ní kí n dárí ọ̀rọ̀ ẹnu mi jì yín. Mo gbé yín dìde, mo ní ó ti tán, àmọ́ mi ò sọ pé ẹ ò jẹ̀bi, nítorí èmi náà rò pé ẹ jẹ̀bi. Èyí ló ń dùn mí jù. Bí mo bá wálé lẹ́yìn ìkórè iṣu, kí ẹ tó gbé omi fún mi, màá dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá yẹn gan-an, èmi ni màá sì tọrọ àforíjì. Ẹ má gbé mi dìde kíákíá.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ojú yín ò ní ṣú, ẹsẹ̀ yín á máa gbé yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Felisi ní kí n kí yín, àwọn ọmọ ní kí n kí Ìyá Ṣakí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, onílé àti àlejò. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ Ìyá Oníléèsì fún yín. Felisi ló yà á. Mo lanu sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àyìndé, ní Bantè.